Kọ̀ǹpútà Yín Kò Tíì Gbó: Ẹ Yọ Hard Disk, Ẹ Fi SSD Sí I

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Òṣogbo

Àgò o! Àgò o! Àgò onílé o!

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà lórí ìjókòó, mo júbà. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti ìsọ̀ wá, ẹ kú ọrọ̀ ajé, ajé á wọlé wá o. Ẹ̀yin oní-bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò kárí, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìfaradà. Ọmọ Òròkí, ìlú aró, gbogbo yín lápapọ̀ ni mo kí. Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ pẹ́. Èmi náà kò sì fẹ́ pẹ́, torí jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níta yẹn, mi ò mọ bí epo tó wà nínú rẹ̀ ṣe tó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ta ló wà nínú gbọ̀ngàn yìí tó jẹ́ pé tó bá tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀, á gbálẹ̀ ìsọ̀ tán, á ra àkàrà, á jẹ àkàrà ọ̀hún tán, kí Windows tó ṣe tán? Ẹ nawọ́ sókè kí n rí yín. Ẹ wò ó! Ó ti ju ìdajì lọ. Àwọn tí kò nawọ́ yẹn, ojú ló ń tì wọ́n.

Kí la máa ń sọ nígbà náà? A ó ní kọ̀ǹpútà ti gbó. A ó ní fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ayé ló ń ṣe wọ́n. Ayé kọ́ o! Ẹ má purọ́ mọ́ àwọn ará ilé yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń gbé wá sí ìsọ̀ mi pé wọ́n ń falẹ̀, wọn kò gbó rárá. Hard disk inú wọn, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí, ló ń fà wọ́n sẹ́yìn. Ohun tí mo bá wá síbí lónìí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ẹ tó ta kọ̀ǹpútà yín ní ọ̀pọ̀, kí ẹ tó lọ kó owó lé tòkunbọ̀ mìíràn lórí, ẹ yọ hard disk yẹn, kí ẹ fi SSD, ibi ìkófáìlìsí ìgbàlódé tí kò ní ohun tó ń yí nínú, rọ́pò rẹ̀. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Kí ló wà nínú hard disk?

Mo mú ọ̀kan wá. Ó ti kú, mo sì ti ṣí ìdérí rẹ̀. Ẹ gbà á, ẹ jẹ́ kó máa kárí, ẹ ṣáà má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré, etí rẹ̀ mú. Ṣé ẹ rí àwo roboto tó ń dán yẹn, tí ẹ ti lè rí ojú ara yín? Ṣé ẹ rí apá tín-ínrín tó nà wọ àárín rẹ̀? Orí apá yẹn ló ń ka ohun tí a bá kọ sójú àwo.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ orin nínú rẹ́kọ́ọ̀dù láyé àtijọ́, ẹ ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ tán. Àwo á máa yí, abẹ́rẹ́ á wà lórí rẹ̀. Bí orin kẹta bá wù yín, ẹ gbọ́dọ̀ gbé abẹ́rẹ́ lọ bá a níbi tó wà. Bí hard disk ṣe ń ṣe nìyẹn. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé abẹ́rẹ́ tirẹ̀ kì í kan àwo. Afẹ́fẹ́ ló ń léfòó lé lórí, àlàfo àárín wọn sì kéré débi pé ìdọ̀tí tí ojú wa kò lè rí kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ọjọ́ tó bá kan àwo, ó di ẹkún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ díẹ̀. Mo mọ̀ pé ìṣirò ń mú orí fọ́ àwọn kan, kò ní pẹ́. Àwo inú hard disk láptọ́ọ̀pù sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì a máa yí ní ìgbà 7,200. Èyí tó ń yí ní 5,400 yẹn ń yí ní ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ẹ ó ní, há, ìyẹn mà yára o! Ó yára lójú wa ni. Bí kọ̀ǹpútà bá béèrè fáìlì kan, apá yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sún lọ síbi tí fáìlì wà, lẹ́yìn náà ló máa wá dúró kí àwo yí ibẹ̀ dé abẹ́ rẹ̀. Ẹ ro ìsún àti ìdúró yẹn pọ̀. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, irú hard disk bẹ́ẹ̀ kò lè dáhùn ju bí ìbéèrè 60 tàbí díẹ̀ lé ní 60 lọ, bí àwọn fáìlì bá fọ́n káàkiri. Windows tó ń jí láàárọ̀ sì ń béèrè ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké, èyí nílùú yìí, tọ̀hún lókè odò. Ohùn kìrìkìrì tí ẹ máa ń gbọ́ nínú láptọ́ọ̀pù, apá yẹn ni, ó ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀. Kò sinmi. Ẹ̀yin náà kò sinmi.

SSD ńkọ́? Kò sí àwo nínú rẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí mọ́tò. Ṣíìpù lásán ni, wọ́n sì há iná mànàmáná bíńtín sínú àwọn ihò tíntìntín ara rẹ̀. Ibi yòówù kí fáìlì wà, ọ̀nà rẹ̀ kò jìn ju ara wọn lọ. Ohun tí hard disk ń fi ìdá mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá wá, SSD ti mú un jáde kí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ọ̀hún tó pé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbéèrè ló ń dáhùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibẹ̀ gan-an ni ìyára ti wá. Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́: ẹ fọ Windows títí, ẹ pa gbogbo fáírọ́ọ̀sì ayé, hard disk á ṣì máa yí àwo.

Ẹ má sì rò pé ohun àjèjì ni mò ń sọ. Fóònù tó wà lápò yín, irú ṣíìpù yìí ló ń tọ́jú àwòrán yín. Fláàṣì tí ẹ fi ń gbé fáìlì lọ tẹ̀, irú rẹ̀ náà ni. Àmọ́ SSD ní ṣíìpù alábòójútó tó gbọ́n jù ti fláàṣì lọ, òun ló ń pín iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ṣíìpù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí fláàṣì fi ń wọ́, tí SSD fi ń fò.

Ibi tó ti wá

Èyí, mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ gbà mí láàyè. Ọdún 1956 ni IBM gbé hard disk àkọ́kọ́ jáde lára ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní RAMAC. Àwo 50 ló wà nínú rẹ̀, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ó sì wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan. Ẹ gbé e sínú yàrá, yàrá kún. Kí ni gbogbo rẹ̀ ń gbà? Lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún. Fọ́tò kan péré tí ẹ fi fóònù yà nígbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ lè kún un bámúbámú.

Ọmọ Japan kan tó ń jẹ́ Fujio Masuoka, òṣìṣẹ́ Toshiba, ló ronú kan ṣíìpù fláàṣì. Ó fi ìkínní han ayé ní 1984, nígbà tó di 1987, irú èyí tó wà nínú SSD wa lónìí jáde. Ní 1991, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ tí Òṣogbo di olú-ìlú, iléeṣẹ́ tí a mọ̀ sí SanDisk lónìí ta SSD 20MB fún IBM. Owó rẹ̀ tó 1,000 dọ́là. 20MB o! Orin mẹ́ta, mẹ́rin, ó ti kún. Lónìí, SSD tó gba ìlọ́po 12,000 rẹ̀ wà nínú ìsọ̀ káàkiri ìlú yìí, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì owó láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó dára.

Màmá Òkèfìà

Ìyá kan wà lápá Òkèfìà, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n ń ṣe bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ẹ mọ bí àsìkò JAMB ṣe máa ń rí: àwọn ọmọ á tò sẹ́nu ọ̀nà, olúkúlùkù ń kánjú. Ẹni tó bá tètè dé ojú omi ló ń mu omi tó tòrò. Láptọ́ọ̀pù Màmá kò jẹ́ kí wọ́n tètè dé ojú omi kankan. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, á máa yí róbótó kékeré yẹn lójú, wọ́n á máa wò ó, ó ń wò wọ́n. Àwọn ọmọ á yọ́ lọ sí ìsọ̀ kejì.

Ẹnì kan sọ fún wọn pé RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́wọ́ sí, ló kéré. Wọ́n ra RAM, ó kúrò ní 4GB, ó di 8GB. Ó gbé pẹ́ẹ́rẹ́, kò gbé jìnnà. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n ta á, kí wọ́n ra tòkunbọ̀ tó ní Core i5, ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó lágbára. Wọ́n fi owó àjọ kún un, wọ́n rà á. Kí ló wà nínú tòkunbọ̀ ọ̀hún? Hard disk! Èyí tó ti ṣiṣẹ́ fún ẹni ẹlẹ́ni lókè òkun títí tó fi rẹ̀ ẹ́. Wọ́n bá gbé e tọ̀ mí wá.

"Ẹnjiníà, ẹ bá mi wò ó, ṣé èyí náà kò ní àrùn?"

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager, ojú tí Windows fi ń sọ ohun tó ń lọ nínú kọ̀ǹpútà, ṣí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èyí sílẹ̀, torí òun ló máa gbà yín lọ́wọ́ àwọn tó ń méfò. Ẹ wo ibi tó kọ CPU, Memory àti Disk sí. CPU wọn, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ń ṣe ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Memory, ìyẹn RAM, kò tó ìdajì. Disk wà ní 100, ó pọ́n, kò sọ̀ kalẹ̀. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń sinmi, ó ń dúró de hard disk. Core i5 tí wọ́n fi owó àjọ rà, ìdúró ló ń dúró!

A fi SSD 256GB sí i. Nígbà tí wọ́n tàn án, wọn ò tíì fa àga mọ́ra tán tí ojú Windows ti yọ. Wọ́n wo láptọ́ọ̀pù, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ṣé kì í ṣe pé ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀rọ mi?" Mo ní kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n wo ibi tí wọ́n fi ọ̀dà èékánná kọ orúkọ wọn sí lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí SSD kò lè ṣe

Mi ò wá polówó ọjà fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. SSD kò ní mú dátà yín yára. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá burú ní àdúgbò yín, burú ló máa burú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fídíò ìgbéyàwó, fídíò á tètè ṣí, ẹ ó lè máa fà á síwá sẹ́yìn láìdúró, àmọ́ ìgbà tí ẹ bá ní kó ṣe é jáde, CPU ló ń ṣe ìyẹn. Bí Task Manager bá sì fi hàn pé Memory ló ń sáré kọjá 90, ẹ ra RAM. Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 4GB ṣiṣẹ́ mọ́ láyé ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n bí owó yín kò bá ju ti ẹyọ ohun kan ṣoṣo lọ, SSD ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ṣíìpù ààbò, àti CPU tí kò pẹ́ jù. Bí ẹ bá fi SSD sí láptọ́ọ̀pù 2012, á yára, kò ní sọ ọ́ di ti 2020. Fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows, pẹ̀lú SSD dára púpọ̀, pàápàá fún ẹni tó ń tẹ̀wé, tó ń wo íntánẹ́ẹ̀tì.

Èwo ni ká rà?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì bá ẹ̀rọ yín mu. Ìka tó bá tọ́ símú la fi ń romú.

Láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́, èyí tó ní hard disk pẹlẹbẹ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì méjì àbọ̀, SSD SATA ni tirẹ̀, èyí tó ń lo ojú ìsopọ̀ kan náà pẹ̀lú hard disk. Ó máa wọ ibi tí hard disk wà láìsí wàhálà. Nínípọn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 7. Bí ti àtijọ́ bá jẹ́ 9.5, á máa mì nínú ihò rẹ̀. Ẹ fi rọ́bà pẹlẹbẹ tó wà nínú páálí rẹ̀ lẹ̀ ẹ́.

Èkejì ni M.2, pátákó tín-ínrín bẹ́ẹ̀ tí gígùn rẹ̀ sábà jẹ́ mílímítà 80, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 22. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. M.2 kan wà tó jẹ́ SATA, òmíràn wà tó jẹ́ NVMe, ọ̀nà ìsopọ̀ tó yára ju SATA lọ. Wọ́n jọra lójú, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ̀rọ mìíràn sì wà tí kì í gba ju ọ̀kan lọ. Kí ẹ tó san owó, ẹ wá orúkọ láptọ́ọ̀pù yín gan-an, èyí tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì èwo ló ń gbà.

Ontajà á sọ fún yín pé NVMe ń ka 3,500MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, pé SATA kò ju 550 lọ. Òótọ́ ni. Hard disk láptọ́ọ̀pù ńkọ́? Bí 100 ni, nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Fún ẹni tó ń tẹ̀wé, tó ń ṣe ìforúkọsílẹ̀, tó ń ṣí Excel, kúrò nínú hard disk bọ́ sí SATA ni ìyípadà tí ojú máa rí. Kúrò nínú SATA bọ́ sí NVMe, ojú yín kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀rọ yín bá gba NVMe, tí owó wọn súnmọ́ra, ẹ rà á. Bí kò bá gbà á, ẹ má sunkún.

Àwọn láptọ́ọ̀pù kéékèèké olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé 32GB tàbí 64GB ni wọ́n jó mọ́ ara bọ́ọ̀dù wọn. Kò ṣeé yọ. Ẹ sá fún un.

Ayédèrú ńkọ́? Ó kún ìgboro. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé SSD ìta wá bá mi, wọ́n kọ 2TB, ìyẹn 2,000GB, sí i lára, owó tó rà á kò tó ti 128GB gidi. Inú rẹ̀ dùn. Ó kó fáìlì sí i, àwọn fáìlì ń hàn, kò sì sí ọ̀kan tó ń ṣí. Mo fi sukurudíráfà ṣí i níwájú rẹ̀: káàdì mẹ́mórì bíńtín ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, wọ́n wá fi irin pẹlẹbẹ kan tì í kó lè wúwo lọ́wọ́. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ra èyíkéyìí, ẹ fi ètò H2testw dán an wò kí ẹ tó kó ẹrù sí i. Á kọ nǹkan kún un, á wá kà á padà. Bí iye tí wọ́n kọ sí i lára bá jẹ́ irọ́, àṣírí á tú. Ẹ má sì bínú bí 240GB bá fi 223 hàn nínú Windows; ìyẹn kì í ṣe jìbìtì, ọ̀nà tí Windows gbà ń kà á ló yàtọ̀ sí ti iléeṣẹ́ tó ṣe é.

Bí a ṣe ń ṣe é

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan, ẹ kó ẹrù yín síbòmíràn. Mo tún un sọ: ẹ kó ẹrù yín síbòmíràn. Ẹ̀ẹ̀kẹta: ẹ kó ẹrù yín síbòmíràn! Hard disk tó ti ń ṣe àìsàn lè kú lákòókò tí ẹ ń da ohun inú rẹ̀ kọ. Bí BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti fáìlì pa, bá wà lórí ẹ̀rọ náà, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 tó ń ṣí i sórí ìwé. Láìsí i, ẹ lè di àlejò nínú ilé ara yín.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè da gbogbo rẹ̀ kọ bó ṣe wà sínú SSD, tàbí kí ẹ fi Windows tuntun sí i. Èmi fara mọ́ tuntun, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí mo ń rí, pàǹtírí ọdún pípẹ́ ló kún inú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ètò ìṣirò owó kan tí ẹni tó fi sí i fún yín ti kó lọ, ẹ dà á kọ. Clonezilla, ètò tó ń bá wa dà á kọ, jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ kì í fẹ́ kí ibi tuntun kéré sí ti àtijọ́, torí náà ẹni tó ń ti 500GB bọ̀ sí 240GB gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dín in kù tàbí kó lo ètò mìíràn.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí i: ẹ pa á pátápátá, ẹ yọ okùn iná, ẹ yọ bátìrì bó bá ṣeé yọ, ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó ṣẹ́kù gbẹ. Ẹ fọwọ́ kan irin. Mo máa ń ya àwòrán abẹ́ láptọ́ọ̀pù sórí páálí, nọ́ọ̀tì tí mo bá yọ, mo máa ń gún un mọ́ ibi tó ti wá lórí àwòrán yẹn. Wọn kò gùn bákan náà o! Bí ẹ bá fi èyí tó gùn sí ihò èyí tó kúrú, ó lè lu bọ́ọ̀dù. Hard disk máa ń wà nínú férémù irin. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé férémù yẹn wọ SSD, ẹ rọra tì í wọ ojú ibi tí eyín bá eyín. Bí kò bá wọlé, ẹ má fipá mú un, ẹ wo eyín rẹ̀ wò.

Ẹ wọ BIOS, ojú ètò tó wà ṣáájú kí Windows tó jí, ẹ rí i pé AHCI ni wọ́n yàn níbẹ̀ fún dísìkì, kì í ṣe IDE ayé àtijọ́. Lẹ́yìn náà, bí ẹ kò bá da ti àtijọ́ kọ, ẹ fi Windows sí i. Ó tán. Defrag, títo àwọn fáìlì tó fọ́n káàkiri jọ, tí wọ́n kọ́ wa pé ká máa ṣe lóṣooṣù, kò bá SSD mu, gígé ọjọ́ orí rẹ̀ kúrú lásán ni. Windows mọ ohun tó yẹ kó ṣe fún un, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó kún dẹ́nu.

Ìbẹ̀rù méjì

Ìbẹ̀rù kìíní: "Wọ́n ní SSD máa ń tètè gbó." Lóòótọ́, iye ìgbà tí a lè kọ nǹkan sí i ní òpin. Iléeṣẹ́ máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a mú SSD 240GB kan tí wọ́n kọ 80TB fún. Bí ẹ bá ń kọ 20GB sí i lójoojúmọ́, Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú, yóò gbà yín tó ọdún 11 kí ẹ tó kọ iye yẹn. Ta ló ń kọ 20GB lójúmọ́ nínú wa? Ayàwòrán nìkan. Láptọ́ọ̀pù á ti kọ́kọ́ fàya.

Ìbẹ̀rù kejì ni iná. Bí iná bá ṣẹ́ lójijì, ohun tí ẹ ò tíì tọ́jú lọ, hard disk ni o, SSD ni o. SSD olówó pọ́ọ́kú sì lè dàrú bí iná bá ń já a gbà lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà kọ̀ǹpútà orí tábìlì gbọ́dọ̀ ní UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé e dúró bí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n ní ti ìgbọ̀nrìrì, SSD borí. Ọmọ kan tó ń lọ sí yunifásítì ní Òkè-Baálẹ̀ kò pa láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó kàn tì í bọ báàgì, ó gun ọ̀kadà. Ẹ̀yin náà mọ àwọn kòtò wa. Nígbà tó dé, hard disk ń dún kọ́, kọ́, kọ́. Abẹ́rẹ́ ti ha àwo. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì ní ẹ̀dà kankan.

Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù gan-an, ẹ kì í bẹ̀rù rẹ̀. Bí ẹ bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́ lórí hard disk, a sábà máa ń rí i gbà padà bí ẹ bá tètè gbé e wá. SSD kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti pa á rẹ́, Windows á sọ fún SSD pé àyè yẹn ti ṣófo, òun náà á sì gbá a mọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ayàwòrán, àwòrán ìyàwó tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín parẹ́, ẹ lọ bá ìyá ìyàwó ṣàlàyé, èmi ò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni SSD tí a ti lò pẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń tì mọ́ dúrọ́ọ̀ fún ọdún púpọ̀ láìfún un níná, pàápàá nínú ooru wa yìí. Ohun inú rẹ̀ lè máa ṣá díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí hard disk àtijọ́ ti wúlò nìyẹn. Ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ fi CrystalDiskInfo, ètò tó ń sọ bí ara dísìkì ṣe le tó, wò ó. Bó bá kọ Good, ẹ ra kéèsì oní-USB fún un, ẹ máa fi tọ́jú ẹ̀dà fáìlì yín, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Bó bá kọ Caution, ẹ má fi ohunkóhun tí ẹ fẹ́ràn sí i. Bí ẹ bá sì fẹ́ tà á, ẹ nù ún mọ́ pátápátá kí ẹ tó tà á. Mo ti rí tòkunbọ̀ tí ìwé owó orí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ti ń wúkọ́ o. Ẹ gbé gbohùngbohùn fún bàbá tó ti nawọ́ láti ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ RAM. Bàbá, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ yín, mò ń gbọ́.